Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Fọ́tò Di Àwòrán Ọlọ́dà Pẹ̀lú Fílítà àti Ìpele

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ń bi mí jù lọ ni pé fílítà wo ni mo ń lò tí fọ́tò fi ń dà bí àwòrán tí a fi ọ̀dà yà sórí kánfáàsì. Ìdáhùn mi kì í yí padà: kì í ṣe fílítà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fi fílítà kan bo gbogbo fọ́tò láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò rí fọ́tò tí ó dà bí èyí tí omi dà sí. Kò ní rí àwòrán. Ayàwòrán tí ó mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kì í fi búrọ́ọ̀ṣì kan náà kun ògiri tí ó wà lẹ́yìn ènìyàn àti ẹyinjú ẹni náà. Búrọ́ọ̀ṣì ńlá ni ó fi ń kun ẹ̀yìn, èyí tí ó mọ níwọ̀n ni ó fi ń ya aṣọ, èyí tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ni ó ń gbé lọ sí ojú. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín níhìn-ín ni bí ẹ ó ṣe fi ìpele, ìyẹn àwọn ẹ̀dà àwòrán tí a tò léra wọn, èyí tí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè ní léyà, ṣe irú ìyàtọ̀ yẹn nínú kọ̀ǹpútà.

Àpẹẹrẹ tí n ó máa tọ́ka sí ni fọ́tò ìyá àgbà kan tí ó jókòó sórí àga, tí ó wọ ìró àti bùbá àdìrẹ, tí ó sì wé gèlè, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí pálọ̀ fún ayẹyẹ ọjọ́ ìbí 80 ọdún. Irú iṣẹ́ yìí ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. GIMP, ètò kọ̀ǹpútà fún títún fọ́tò ṣe, ni mo fi ń ṣe é, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux, kò sì gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fi orúkọ àwọn àṣẹ inú mẹ́nù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ lè tètè rí wọn.

## Ohun tí ẹ ó nílò

- Kọ̀ǹpútà tí GIMP 2.10 tàbí 3.0 wà lórí rẹ̀.
- Fọ́tò náà gan-an, bí ó ṣe jáde láti inú kámẹ́rà tàbí fóònù tí wọ́n fi yà á.
- Máòsì. Bí ẹ bá ní pẹ́ẹ̀nì ìyàwòrán tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, ọwọ́ yín yóò túbọ̀ yá, ṣùgbọ́n kò pọn dandan.
- Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò ní dí yín lọ́wọ́, bí ó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí.
- Àṣẹ ẹni tí ó ya fọ́tò náà, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni ẹ yà á, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ gba owó lórí iṣẹ́ náà.

Ní ibi tí iná ti ń lọ nígbàkígbà, ẹ sọ ọ́ di àṣà láti tẹ Ctrl+S lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. GIMP yóò tọ́jú iṣẹ́ náà sí fáìlì XCF, èyí tí ó ń pa gbogbo ìpele mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá tọ́jú u sí JPEG nìkan, gbogbo ìpele yóò ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, kò sì ní sí bí ẹ ó ṣe tú wọn mọ́.

## Irú fọ́tò tí ó yẹ kí ẹ yàn

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó ara wọn sí wàhálà. Fọ́tò tí ó ti gba orí WhatsApp kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti dín kù, ojú rẹ̀ sì ti kún fún àwọn àmì onígun kéékèèké tí ẹ lè má rí lórí fóònù. Fílítà yóò rí wọn, yóò sì sọ wọ́n di ipa búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní kí ẹni tí fọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lásán, tàbí kí ó fi í ránṣẹ́ lórí ímeèlì.

Ẹ wá fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan wá, bíi ti ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí sí abẹ́ ìbòòji ìta. Níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan yóò mọ́lẹ̀, èkejì yóò ní òjìji, àwòrán ọlọ́dà sì ń gbé ara rẹ̀ ró lórí ìyàtọ̀ yìí. Iná kámẹ́rà tí ó kọ sí ènìyàn lójú tààrà máa ń pa gbogbo òjìji rẹ́. N kì í gba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ní òmíràn nílé.

Ní ti ìwọ̀n, bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní A4 dáadáa, 2480 × 3508 pixel, ìyẹn àwọn ẹyọ àwọ̀ kékeré tí ó para pọ̀ di fọ́tò, ni ẹ nílò. Ti A3 jẹ́ 3508 × 4961. Ìwọ̀n 300 pixel fún ínǹṣì kan ni mo fi ṣírò méjèèjì. Àwòrán tí ipa búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tóbi lè fara da ohun tí ó kéré sí èyí díẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò máa wá irun orí kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kò lè fara dà á.

## Ẹ kọ́kọ́ tún fọ́tò náà ṣe

1. Ẹ ṣí fọ́tò náà, kí ẹ sì tẹ Ctrl+D láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ ti fáìlì àkọ́kọ́, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́.
2. Ẹ gé ohun tí kò wúlò kúrò: ìdajì ènìyàn tí ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wáyà tí ó so kọ́, ike omi tí ó wà lórí tábìlì. Ohun tí ẹ kò bá fẹ́ kí ayàwòrán yà, ẹ má fi í sílẹ̀ fún fílítà.
3. Ẹ lọ sí Colors > Curves. Ẹ di ìlà náà mú ní apá òsì, níbi tí òkùnkùn wà, kí ẹ sì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí ìyàtọ̀ láàrin àgbọ̀n àti ọrùn.
4. Bí fọ́tò bá ní àmì wínníwínní bí iyanrìn, bíi ti àwọn tí a yà lálẹ́, ẹ lo Filters > Enhance > Noise Reduction, ṣùgbọ́n kí ẹ fi í mọ ní ìwọ̀nba.
5. Ẹ lọ sí Image > Scale Image kí ẹ fi ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde sí i kí iṣẹ́ fílítà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí ipa búrọ́ọ̀ṣì tí a nà lẹ́yìn iṣẹ́ máa ń di kùrukùru.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ kẹta. Nínú fọ́tò ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, ara dúdú, ògiri sì funfun. Kámẹ́rà máa ń tẹ̀lé ògiri, ojú ènìyàn yóò sì ṣókùnkùn. Bí fílítà bá bá ojú tí ó ṣókùnkùn báyìí pàdé, àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ti imú àti ti abẹ́ ojú ti sún mọ́ra jù, yóò sì kó gbogbo wọn pọ̀ di odidi kan. Síbẹ̀, ohun tí ẹ ń ṣe ni gbígbé òjìji sókè kí ìyàtọ̀ lè hàn. Ẹ kò bó ìyá náà láwọ̀. Bí ẹ bá ti rí i pé ara dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í di eérú tàbí pupa, ẹ ti kọjá ààlà, ẹ fà á padà.

## Bí Oilify ṣe ń ṣiṣẹ́

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí fílítà yìí ń ṣe kí ẹ tó tẹ ẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìpinnu tí ó kù ti ń jáde. Oilify ń wo àwọn pixel tí ó yí pixel kọ̀ọ̀kan ká, ó ń wá irú àwọ̀ tí ó pọ̀ jù lọ láàrin wọn, ó sì ń fi í bo ojú ibẹ̀. Bí àyíká tí ó ń wò bá ṣe fẹ̀ tó ni ipa búrọ́ọ̀ṣì yóò ṣe tóbi tó. Mask Radius ni nọ́ńbà tí ẹ fi ń sọ fún un bí yóò ṣe wò jìnnà tó. Ìtumọ̀ èyí ni pé ohunkóhun tí kò bá pọ̀ ní àyíká rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pòórá: ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ inú ẹyinjú, ilà ojú, èjí, ojú àdìrẹ. Àwọn ohun kéékèèké wọ̀nyí gan-an sì ni àwọn ọmọ fi ń mọ̀ pé ìyá àwọn nìyí.

Ìdí nìyẹn tí a ó fi lo fílítà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lórí ìpele mẹ́ta, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta.

## Títo ìpele mẹ́ta

1. Ẹ tẹ Shift+Ctrl+D lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ìpele lè di mẹ́rin. Ẹ tẹ orúkọ wọn lẹ́ẹ̀mejì láti yí i padà. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ pè wọ́n ní *Ojúlówó*, *Ẹ̀yìn*, *Aṣọ* àti *Ojú*.
2. Ẹ tẹ àmì ojú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ *Aṣọ* àti *Ojú* láti fi wọ́n pamọ́ fún ìgbà díẹ̀.
3. Ẹ mú *Ẹ̀yìn*, kí ẹ lọ sí Filters > Artistic > Oilify, kí ẹ sì fi Mask Radius sí 14. Ènìyàn inú fọ́tò náà yóò bàjẹ́ pátápátá lórí ìpele yìí. Ẹ má bẹ̀rù, a ó bò ó.
4. Ẹ ṣí *Aṣọ*, kí ẹ lo Oilify kan náà pẹ̀lú Mask Radius 7.
5. Ẹ ṣí *Ojú*, kí ẹ lò ó pẹ̀lú Mask Radius 3.
6. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ *Ojú*, kí ẹ yan Add Layer Mask, kí ẹ sì mú Black (full transparency). Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún *Aṣọ* pẹ̀lú. Ìpele méjèèjì yóò pòórá lójú yín. Ìbòjú dúdú ni ó bò wọ́n. Ibi tí ẹ bá fi funfun kùn lórí ìbòjú náà nìkan ni yóò hàn.
7. Ẹ tẹ P láti mú búrọ́ọ̀ṣì, ẹ tẹ D kí àwọ̀ padà sí dúdú àti funfun, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ X kí funfun bọ́ síwájú.
8. Ẹ tẹ àwòrán kékeré dúdú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ *Aṣọ*, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì kun gbogbo ara ìyá náà: gèlè, bùbá, ìró, ọwọ́, ẹsẹ̀. Ara rẹ̀ yóò máa yọ jáde látinú kùrukùru bí ẹ ṣe ń kùn ún.
9. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ìbòjú *Ojú*, ṣùgbọ́n ojú, etí, ìka ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn nìkan ni kí ẹ kùn níbẹ̀.
10. Níbi tí ọwọ́ yín bá ti yẹ̀, ẹ tẹ X kí dúdú bọ́ síwájú, kí ẹ sì fi í pa á rẹ́. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́, nítorí pé orí ìbòjú ni ẹ ń kùn.

Àwọn nọ́ńbà 14, 7 àti 3 yìí wà fún fọ́tò tí ó tó ìwọ̀n A4 tí mo sọ lókè. Bí ti yín bá jẹ́ ìdajì rẹ̀, ẹ dín nọ́ńbà náà sí ìdajì. Àwọn nọ́ńbà yòókù inú Oilify, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá wọn ní ìgbà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ túbọ̀ pín sí abala ńláńlá, ẹ lè dín Number of intensities kù nígbà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan nípa etí ìbòjú: ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tí etí rẹ̀ rọ̀, kí ẹ má sì tẹ̀lé etí ara ènìyàn bí ẹni tí ń fi àlùmọ́gàjí gé bébà. Lápá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ jẹ́ kí etí náà mú dáadáa. Lápá òjìji, ẹ jẹ́ kí èjìká àti ẹ̀yìn àga wọ inú ara wọn. Àwọn ayàwòrán máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ etí kan nù báyìí, ó sì wà lára ohun tí yóò jẹ́ kí ẹni tí ó ń wò ó gbàgbé pé fọ́tò ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àkíyèsí fún àwọn tí ń lo GIMP 3.0: nínú ẹ̀yà yìí, tí ó jáde ní ọdún 2025, fílítà kì í wọ inú ìpele lọ pátápátá mọ́, àfi tí ẹ bá ní kí ó wọ̀ ọ́. Àmì fx yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpele náà, ẹ sì lè padà síbẹ̀ láti yí Mask Radius padà lẹ́yìn wákàtí méjì. Ẹni tí ó bá wà lórí 2.10 kò ní irú àǹfààní yìí, nítorí náà kí ó máa tọ́jú ẹ̀dà ìpele tí fílítà kò tíì kàn.

## Ojú: ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ kánjú

Nígbà kan, mo ṣe àwòrán ìyá kan tí ó ní pélé mẹ́ta-mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde, mo ti fi fírẹ́ẹ̀mù sí i, nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ wò ó pẹ́ títí, tí ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ ṣeun gan-an sà, ó jọ màmá mi, ṣùgbọ́n pélé wọn dà?" Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo fẹ ojú àwòrán náà lójú, mo sì rí i pé ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti lọ. Wọ́n tín-ín-rín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó yí wọn ká fẹ̀, Mask Radius 6 tí mo lò sì ti ka ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ohun tí ó pọ̀ jù. Mo tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń ṣe ìgbésẹ̀ wọ̀nyí lórí gbogbo ojú, ìbáà ní ilà tàbí kò ní:

1. Kí fílítà tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń wo fọ́tò náà ní ìwọ̀n 100%, mo sì máa ń kọ gbogbo ohun tí a fi ń dá ẹni náà mọ̀ sínú ìwé: ilà, èjí, àmì ara, àpá, ìwọ́jọ iwájú orí, ewú ìpéǹpéjú.
2. Ẹ ṣe ẹ̀dà *Ojúlówó* mìíràn, ẹ fà á lọ sí òkè pátápátá, kí ẹ pè é ní *Àmì*, kí ẹ sì fi ìbòjú dúdú bò ó.
3. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín, kí ẹ dín Opacity rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ń bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ tó, sí bíi 40. Ẹ fi í tọ ojú ilà kọ̀ọ̀kan láti òkè sí ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, títí yóò fi hàn láìdà bí ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn.
4. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ inú ẹyinjú méjèèjì, sí ìlà tí ó pín ètè òkè àti ti ìsàlẹ̀, àti sí àárín èjí.
5. Ẹ kúrò nídìí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ padà wá wò ó láti ìwọ̀n mítà méjì.

Bí ẹ bá rí i pé ojú náà ti padà di fọ́tò tí ó jókòó sórí ara tí a fi ọ̀dà yà, *Àmì* ti pọ̀ jù. Ẹ dín Opacity ìpele náà kù díẹ̀díẹ̀ títí àárín ojú àti ọrùn yóò fi bára mu.

## Àdìrẹ àti gèlè

Ojú àdìrẹ yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ẹ bá fi Mask Radius 7 bo gbogbo rẹ̀, pàápàá èyí tí ó ní ìdì kéékèèké. N kì í gbà á padà tán. Mo máa ń lo ìpele *Àmì* láti mú ojú àdìrẹ náà padà ní èjìká àti orí orókún níbi tí ìmọ́lẹ̀ bà sí, mo sì máa ń jẹ́ kí ó kú sínú ẹ̀lú ní ibi tí aṣọ ti ká. Ojú ẹni tí ń wò ó yóò parí ìyókù.

Ti gèlè yàtọ̀. Ìṣẹ́po ni ẹwà rẹ̀, Oilify sì fẹ́ràn ìṣẹ́po ńlá, nítorí náà ẹ ó ṣe iṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

## Fífi ọwọ́ fa ọ̀dà

Fílítà kò mọ ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yí sí, kò sì mọ ọ̀nà tí aṣọ gbà ṣubú. Ọwọ́ yín ni yóò fi èyí hàn.

1. Ẹ tẹ ìpele tí ó wà lókè jù pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún, kí ẹ yan New from Visible. Ìpele tuntun tí ó kó gbogbo iṣẹ́ pọ̀ yóò jáde. Ẹ pè é ní *Ọwọ́*.
2. Ẹ tẹ S láti mú Smudge, kí ẹ yan búrọ́ọ̀ṣì onírun bíi Bristles tàbí Acrylic, kí ẹ sì fi Rate sí àárín 30 àti 40.
3. Ẹ fa ọ̀dà náà tẹ̀lé bí ohun náà ṣe rí: yípo lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tẹ̀lé ìṣẹ́po gèlè, sí ìsàlẹ̀ lórí ìró, ní gbọọrọ lórí ògiri. Ẹ máa gbé ọwọ́ sókè lẹ́yìn fífà kọ̀ọ̀kan.
4. Ẹ má fa ẹyinjú, ẹ má sì fa ilà.
5. Ẹ ṣe ẹ̀dà *Ọwọ́*, kí ẹ lo Filters > Distorts > Emboss lórí rẹ̀. Yóò di eérú. Ẹ yí Mode rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ó fi ń dàpọ̀ mọ́ ìpele tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, sí Overlay, kí ẹ sì dín Opacity sí àárín 15 àti 30. Ọ̀dà yóò dà bí èyí tí ó nípọn. Bí gbogbo àwòrán bá mọ́lẹ̀ lójijì, ẹ padà sínú Emboss kí ẹ dín Elevation kù.
6. Ẹ ṣẹ̀dá ìpele tuntun kan sí òkè gbogbo wọn, ẹ fi àwọ̀ amọ̀ kún un, kí ẹ yí Mode sí Soft Light, Opacity 15. Yóò so ara, aṣọ àti ògiri pọ̀ bí ẹni pé inú àwo ọ̀dà kan ni gbogbo wọn ti jáde.

Filters > Artistic > Apply Canvas yóò fi ojú híhun kánfáàsì sórí àwòrán. Ẹ lò ó nígbà tí ó bá jẹ́ pé ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọn yóò ti wò ó. Bí orí kánfáàsì gidi ni ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sí, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí pé híhun méjì yóò máa bá ara wọn jà.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Kíkùn sórí àwòrán dípò ìbòjú. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀dà funfun ń já sójú ìyá náà, àwòrán kékeré tí kò yẹ ni ẹ tẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl+Z, kí ẹ tẹ ìbòjú, kí ẹ máa bá a lọ.

Fífi Sharpen, fílítà tí ń mú etí nǹkan gún, parí iṣẹ́. Ó máa ń fi etí funfun yí gbogbo ipa búrọ́ọ̀ṣì ká, àwòrán náà yóò sì padà jọ ohun tí ẹ̀rọ ṣe.

Àwọ̀ tí ó pariwo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé Saturation, ìyẹn bí àwọ̀ ṣe kan tó, sókè títí ara ènìyàn yóò fi di ọsàn. Bí gèlè bá pupa tẹ́lẹ̀, kò nílò ìrànlọ́wọ́.

Lílo fílítà márùn-ún léra wọn lórí ìpele kan. Ẹ kò ní mọ èyí tí ó bà á jẹ́.

## Bí ẹ kò bá lo GIMP

Lórí Photoshop, ẹ kọ́kọ́ lo Filter > Convert for Smart Filters lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí Filter > Stylize > Oil Paint. Scale àti Stylization ni ẹ ó fi ya ìpele mẹ́ta náà sọ́tọ̀: kí wọ́n ga ní ẹ̀yìn, kí wọ́n lọ sílẹ̀ ní ojú. Ẹ dín Shine kù gidigidi lórí ara dúdú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò dà bí ẹni tí wọ́n fi òróró pa. Bí Oil Paint bá ṣú, tí kò gbà yín láàyè láti tẹ̀ ẹ́, ẹ wò ó bóyá àwòrán náà wà ní RGB (àwọ̀ pupa, ewé àti búlúù tí kọ̀ǹpútà ń lò), kí ẹ sì wo Preferences bóyá Use Graphics Processor wà ní títàn.

Ẹni tí ó fẹ́ dúró sínú GIMP ṣùgbọ́n tí Oilify kò tẹ́ lọ́rùn lè fi G'MIC-Qt, àkójọ fílítà mìíràn, kún un, èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ bákan náà. Ẹ wá Kuwahara àti Brushify nínú rẹ̀. Brushify ń lọ́ra lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára, nítorí náà ẹ dán an wò lórí ẹ̀dà kékeré kí ẹ tó fi í sórí iṣẹ́ gidi.

Lórí fóònù, ibisPaint ní ìpele àti fílítà, ọ̀nà ìpele mẹ́ta náà sì ṣeé lò níbẹ̀. Àwọn áàpù bíi Prisma, tí ó ti wà láti ọdún 2016, máa ń sọ fọ́tò di àwòrán pẹ̀lú ìtẹ̀ kan. Mo máa ń gba àbájáde irú wọn gẹ́gẹ́ bí ìpele *Ẹ̀yìn* nìkan, n kì í fi ojú ènìyàn lé wọn lọ́wọ́. Àwọn kan lára irú áàpù bẹ́ẹ̀ ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tí ó ni wọ́n, àwọn mìíràn sì lè fi ọgbọ́n ara wọn ya ojú tuntun rọ́pò èyí tí ẹ fún wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹbí kí ẹ tó gbé fọ́tò àgbàlagbà wọn sínú irú rẹ̀.

## Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé

Àwòrán máa ń ṣókùnkùn lórí kánfáàsì ju bí ó ti wà lójú kọ̀ǹpútà lọ, nítorí pé kánfáàsì kò ní iná lẹ́yìn. Ẹ gbé Curves sókè díẹ̀ lórí ẹ̀dà tí ẹ ó tẹ̀ jáde, kí ẹ sì ní kí atẹ̀wé kọ́kọ́ tẹ abala ojú nìkan jáde ní ìwọ̀n gidi, lórí irú kánfáàsì kan náà. Ní Ṣómólú l'Ékòó, tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé pọ̀ sí, mo máa ń dúró títí wọn yóò fi tẹ abala náà, mo sì máa ń gbé e jáde lọ wò nínú oòrùn kí n tó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ.

- Ẹ fi Shift+Ctrl+E gbé e jáde sí PNG tàbí TIFF. Bí atẹ̀wé bá ní JPEG ni òun fẹ́, kí Quality má lọ sílẹ̀ ju 95 lọ.
- Ẹ béèrè bí kánfáàsì yóò ṣe ká sẹ́yìn fírẹ́ẹ̀mù tó, kí ẹ sì fi ògiri ẹ̀yìn kún ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n má baà ká gèlè mọ́ igi.
- Ẹ fi ìwé tí ẹ kọ àmì ojú sí ní ìbẹ̀rẹ̀ wé abala tí wọ́n tẹ̀ jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
- Ẹ fi fáìlì ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document tàbí kí ẹ gbé e lọ lórí fláàṣì.

Ẹ má pa fáìlì XCF rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba àwòrán náà. Ọmọ kan tí kò sí nílé nígbà ayẹyẹ yóò pè láti òkè òkun pé òun náà fẹ́ tòun, ní ìwọ̀n mìíràn, pẹ̀lú ògiri aláwọ̀ ewé, ìpele *Ẹ̀yìn* ni ẹ ó sì yí padà, kí ẹ tó tún *Ọwọ́* ṣe lórí rẹ̀.